Ọmọ Mọ́kànlá Tí Tíṣà Wọn Lọ

Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹnikẹ́ni kò ròyìn rẹ̀ fún mi. Èyí tí mi ò dúró níbẹ̀ wò, mo rí i lójú fóònù, tí àwòrán ń rìn tí ènìyàn sì ń mí nínú rẹ̀. Mo tètè sọ bẹ́ẹ̀ nítorí mo mọ àwọn ará wa. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹni tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì mẹ́rin ń sọ̀rọ̀ nípa tíṣà, wọn á ní kí ló mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n ju ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tó ń fi bírò ka orúkọ tíṣà lọ.

Bíríkìlà ni mí, ọmọ Jógà-Orílé. Ẹ wọ Jógà, ẹ bèèrè ẹni tó rẹ́ ilé alájà kan tó dojú kọ mọ́ṣáláṣí, tí ògiri rẹ̀ tẹ́jú bí omi inú agbada. Èmi ni. Láti Ayétòrò dé Ìpókíá, kò sí ọ̀gá bíríkìlà tí yóò gbọ́ orúkọ mi tí kò ní mi orí. Mi ò sọ ọ́ láti fi yangàn. Ó dáa, mo sọ ọ́ láti fi yangàn. Ẹni tó bá ti rẹ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀ rí ni kó wá bú mi.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà ní Àbíjáàn. Mi ò ní sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Mo gba ọ̀nà, mo dé.

Àwa tí a dàgbà sí ẹ̀bá ibodè máa ń rò pé a gbọ́ Faransé. Láti kékeré la ti ń bá àwọn ará Kétu àti Pọ́bẹ̀ lódìkejì ibodè ná ọjà, a mọ bí wọ́n ṣe ń kíni, a mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè iye. Mo sọ fún gbogbo ènìyàn ní Jógà kí n tó lọ pé èdè kò ní dí mi lọ́wọ́. Ọjọ́ kìíní tí mo dé sáìtì, ọ̀gá iṣẹ́ dojú kọ mí, ó sọ̀rọ̀ fún bí ìdajì ìṣẹ́jú. Mi ò mú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Mo mi orí bí ẹni tó gbọ́. Mo gbé àpò sìmẹ́ǹtì sórí, mo kọjú sí ibi tó nawọ́ sí. Ohun tó sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má gba ibẹ̀ kọjá nítorí kọnkéré ibẹ̀ kò tíì gbẹ. Mo rì dé kókósẹ̀, èmi àti sìmẹ́ǹtì.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ẹlòmíì fi jókòó sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ nǹkan kan, ó fi "Ànàgó" kún un, ẹ̀rín tún sọ. Ànàgó ni wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀.

Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́ nílé, mo dákẹ́ fún oṣù mẹ́rin. Mo ń nawọ́, mo ń fojú bẹ̀bẹ̀, mo ń mi orí sí ohun tí kò yé mi. Iṣẹ́ ìgbé-yanrìn ni wọ́n fún mi, èmi ọ̀gá arẹ́lé, nítorí wọ́n rò pé ẹni tí kò lè fèsì kò mọ iṣẹ́. Mo ń wo àwọn ọmọ àná tí wọ́n ń rẹ́ ògiri wíwọ́, mi ò sì lè sọ pé ó wọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Kì í ṣe yanrìn.

Ó yẹ kí n ti rántí ọmọ mi nígbà náà. Mi ò fi ọ̀rọ̀ mi wé tirẹ̀.

Kúdí ni ọmọ mi kẹta. Ibà líle kan mú un nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ibà lọ, ó mú etí rẹ̀ méjèèjì lọ. Ní Jógà, "odi" ni wọ́n ń pè é, mo sì ti bá ènìyàn jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ìjà tí bọ́tìnnì ẹ̀wù fi já. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ayétòrò ló wá sọ fún wa pé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó ní kíláàsì fún àwọn adití. Yàrá kan ṣoṣo, tíṣà kan ṣoṣo. A mú Kúdí lọ bá a. Ọjọ́ Àìkú ló ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ Jímọ̀ ló ń padà wá bá ìyá rẹ̀.

Àǹtí Ṣadé ni wọ́n ń pe tíṣà náà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í pariwo. Ọmọ mọ́kànlá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba, ìwé wọn kò dọ́gba, ó sì ń kọ́ gbogbo wọn pọ̀ nínú yàrá kan yẹn. Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́ eléyìí ní ìṣirò, ó ń fi ojú kìlọ̀ fún tọ̀hún pé kó jókòó dáadáa. Mo dúró lójú fèrèsé wò ó lọ́jọ́ kan kí n tó kúrò nílé. Mo sọ fún ara mi pé obìnrin yìí mọ iṣẹ́ tirẹ̀ bí mo ṣe mọ tèmi. Èmi kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa ènìyàn.

Nígbà tí mo dé Àbíjáàn, ojoojúmọ́ ni mo ń bá Ìyá Kúdí sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ti Kúdí yàtọ̀. Fóònù etí kò wúlò fún un. Ọjọ́ Jímọ̀, kí ilé-ìwé tó tú, Àǹtí Ṣadé á pè mí lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, á gbé e ka iwájú Kúdí, ọmọ á máa fọwọ́ sọ̀rọ̀, tíṣà á máa sọ ọ́ jáde fún mi.

"Ó ní òun ṣe ipò kejì, sà."

"Ta ló ṣe ipò kìíní?"

Àǹtí fọwọ́ bi í. Kúdí dá a lóhùn, ojú rẹ̀ le koko.

"Ó ní olè kan ni."

"Kí ló jí?"

"Ó ní ipò òun ló jí."

Mo rẹ́rìn-ín lójú gbogbo sáìtì. Ọmọ mi ni. Ẹ ò lè gbé ọmọ yẹn fún ẹlòmíì kó gbà pé tòun ni. Lẹ́yìn ìyẹn, Kúdí á fi àtàǹpàkò kan iwájú orí, á la ìka yòókù sílẹ̀, a ó sì pa fóònù. Mo rò pé bí ọmọ sójà ṣe ń kí ọ̀gá ni. Èmi náà á fi ọwọ́ kan iwájú orí padà.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan dé, fóònù kò dún. Mo dúró títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù lọ́wọ́ mi. Mo pe ilé.

"Ìyá Kúdí, wọn ò pè mí."

"Àǹtí ti lọ, Bàbá Kúdí."

"Lọ síbo?"

"Ìlú òyìnbó. Wọ́n ní àwọn arúgbó ló fẹ́ lọ máa tọ́jú. Ó dágbére fún àwọn ọmọ lánàá. Kúdí fi ìka fa omijé sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ láti fi hàn mí bó ṣe sunkún."

"Tíṣà tuntun ńkọ́?"

"Wọ́n ní ó ń bọ̀."

Mo bú Àǹtí Ṣadé lọ́jọ́ yẹn. Mo bú u títí a fi délé. Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé yàrá kan ní àdúgbò Abobo, gbogbo wa ọmọ Yewa. Ràfíù, ọmọ Àgọ́sàsà tó kéré jù nínú wa, ń bó iṣu, ó ń gbọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ̀yin tí ẹ ń bú u pé ó fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ sí ìlú onílùú, níbo lẹ wà báyìí?"

 Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń bó iṣu. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Ràfíù borí mi nínú ọ̀rọ̀. Ó kàn ń bó iṣu náà nípọn jù ni.

Oṣù kan kọjá, kò sí tíṣà. Mo gba nọ́ńbà ọ̀gá ilé-ìwé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo pè é. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí kò sùn.

"Bàbá Kúdí, ẹ má bínú sí mi. Kíláàsì mẹ́wàá ni mo ní, tíṣà mẹ́fà ló wà. Èmi fúnra mi ń kọ́ kíláàsì méjì, èmi náà ni mo ń lu aago."

"Ṣé ẹ ti kọ̀wé sí ìjọba?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n ní nínú ìwé àwọn, tíṣà tí ń kọ́ adití wà lọ́dọ̀ mi."

"Ta ni wọ́n kà?"

"Àǹtí Ṣadé."

"Ẹni tó wà ní ìlú òyìnbó?"

"Orúkọ rẹ̀ kò tíì kúrò níbẹ̀, sà. Bí kò bá kúrò, àyè kò ṣí. Bí àyè kò bá ṣí, wọn ò lè rán ẹnikẹ́ni."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Mo ti pín wọn sí àwọn kíláàsì tó kù. Wọ́n jókòó lẹ́yìn. Wọn ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n ń kọ ohun tó bá wà lójú bọ́ọ̀dù."

Ìyá Kúdí ṣí ìwé Kúdí fún mi wò lójú fóònù lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó dàbí pé nǹkan ń lọ dáadáa. Lẹ́tà rẹ̀ rẹwà, ó fi rúlà fa ìlà sábẹ́ àkọlé, gbogbo ojú ìwé kún. Mo ní kó sún fóònù mọ́ ọn. Mo kúrò ní ilé-ìwé ní kíláàsì mẹ́rin lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo lè ka orúkọ ènìyàn. Orúkọ àwọn ọmọ ló wà níbẹ̀, bíi méjìdínlógún. Àkọlé rẹ̀ ni "Àwọn Tó Ń Pariwo." Mọ́nítọ̀ kíláàsì ló kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù nígbà tí tíṣà wọn jáde lọ sí kíláàsì kejì. Ọmọ mi rò pé ẹ̀kọ́ ni. Ó dà á kọ láti òkè dé ilẹ̀, ó sì pa á mọ́ láti fi hàn mí.

Mo pa fóònù. Mo lọ rẹ́ ògiri kan lọ́jọ́ yẹn, mo sì fọ́ ọ dànù, mo tún un rẹ́.

Sáà ẹ̀kọ́ yẹn parí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí sáà tuntun fẹ́ wọlé, Ìyá Kúdí pè mí, ayọ̀ wà lóhùn rẹ̀.

"Bàbá Kúdí, a ti rí ẹnìkan. Lúkúmọ́nù, télọ̀ tó ń rán yunifọ́ọ̀mù lẹ́bàá gáréèjì Ayétòrò. Adití ni. Ó lọ sílé-ìwé àwọn adití ní Abẹ́òkúta, ó sì ka ìwé mẹ́wàá jáde. Ó ní òun á máa wá láti aago mẹ́jọ sí aago méjìlá, kóun tó padà sí ṣọ́ọ̀bù."

Lọ́dọ̀ wa, bí ìjọba kò bá rán tíṣà, àwọn òbí ló ń wá tiwọn. Kò sí ilé-ìwé kan ní gbogbo Yewa tí kò ní tíṣà òbí nínú. Ọ̀gá ilé-ìwé ti sọ pé bí àwọn òbí bá fẹnu kò, òun á ṣí yàrá náà padà. Gbogbo wọn ń dúró dè mí.

"Adití ni yóò kọ́ adití?" mo ní.

"Ó mọ èdè ọwọ́ wọn."

"Èdè ọwọ́ ni ìwé? Bí ọmọ bá ṣubú lẹ́yìn rẹ̀ tó ké, ta ni yóò gbọ́? Ta ló fún un níwèé-ẹ̀rí tíṣà? Télọ̀ ni. Kó máa rán ṣòkòtò."

"Ẹ̀yin náà—"

"Èmi náà kí ni?"

"Kò sí."

"Bí a bá gba télọ̀, ìjọba á ní a ti rí tíṣà, wọn ò sì ní rán ẹni gidi wá láéláé. Ẹ má gbà á."

Mo tún gba ohùn mi sílẹ̀ lórí Wọ́sáàpù, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn òbí ọmọ mọ́kànlá náà. Ìṣẹ́jú méje ni mo fi sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ dáadáa. Wọ́n gbà fún mi. Wọ́n ní Bàbá Kúdí tó wà lókè òkun ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀, ó ti sọ̀rọ̀.

Kí n má purọ́, mo gbádùn rẹ̀. Ní Àbíjáàn, Ànàgó ni mí, ẹni tí wọ́n ti nawọ́ yanrìn sí rí. Nílé, ohùn mi wọ ilé mọ́kànlá lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì jókòó gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ti kúrò nílé mọ irú ebi tí mo ń sọ. Kì í ṣe ti oúnjẹ. O fẹ́ kí ilé mọ̀ pé o ṣì wà nílé. Ọ̀nà tí o sì máa gbà fi hàn wọ́n ni kí o pa àṣẹ.

Sáà kan lọ. Òmíràn lọ. Ẹ̀kẹta fẹ́ parí. Mo ti gbọ́ Faransé dáadáa nígbà náà, wọ́n ti gba yanrìn lọ́wọ́ mi tipẹ́, wọ́n fún mi ní ògiri. Ọ̀gá iṣẹ́ mú àlejò wá lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n fọwọ́ pa ògiri mi wò. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ọba.

Ọkùnrin kan wà ní sáìtì wa tó ń to táìsì ilẹ̀, Yáò ni wọ́n ń pè é. Adití ni. Ó lé lọ́dún kan tí a ti jọ wà níbẹ̀ tí mi ò kí i rí. Èmi tí mo ja ìjà nítorí ọ̀rọ̀ "odi," òun gan-an ni mo ń pè é nínú ọkàn mi. Ọjọ́ Sátidé kan, adití bíi tirẹ̀ kan gbé oúnjẹ wá fún un. Wọ́n jókòó sórí páálí táìsì, wọ́n ń fọwọ́ tàkúrọ̀sọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ń jẹun tèmi, mi ò kà wọ́n sí. Ni Yáò bá fi àtàǹpàkò kan iwájú orí, ó la ìka yòókù sílẹ̀.

Mo gbé oúnjẹ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Yáò tó jẹ́ kápẹ́ńtà wà nítòsí, òun ń gbọ́ràn. Mo bi í pé kí ni àbúrò rẹ̀ ń sọ.

"Ó ń sọ̀rọ̀ bàbá wa," ó ní. "Ìyẹn ni 'bàbá.'"

Bàbá. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, tí mo rò pé ó ń kí mi bíi sójà, bàbá ló ń pè mí.

Mo fa fóònù yọ, mo pe Ìyá Kúdí, mo ní kó gbé e fún Kúdí kíákíá. Mo sì gbé tèmi ka iwájú Yáò. Ó wo ọmọ náà, ó fọwọ́ sọ nǹkan kan. Ojú Kúdí yí padà. Ó ti tó ọdún kan tí ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lọ́ra, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn. Lẹ́yìn náà ó yára. Lẹ́yìn náà ni mi ò lè fi ojú bá a mọ́. Èmi àti Yáò kò lè fi ohùn bá ara wa sọ ọ̀rọ̀ kan, ọmọ mi tí kò tẹ ibodè rí ń bá a sọ̀rọ̀ tó ń yé àwọn méjèèjì. Wọ́n ní àwọn tó kọ́ àwọn adití níbí àti lọ́dọ̀ wa, èdè ọwọ́ kan náà ni wọ́n mú wá. Àwa tí a ń gbọ́ràn la ní ibodè.

Ohùn Ìyá Kúdí ń wá láti ẹ̀yìn. "Bàbá Kúdí, ta nìyẹn? Kí ló ń sọ fún ọmọ?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé ènìyàn dáadáa ni?"

"Táìsì ló ń tò."

"Mi ò bi yín níṣẹ́ rẹ̀."

Nígbà tí wọ́n parí, mo bi ẹ̀gbọ́n Yáò pé ta ló kọ́ àbúrò rẹ̀ tó fi ń sọ̀rọ̀ tó já gaara bẹ́ẹ̀. Ó ní tíṣà kan ní ìlú Bouaké. Mo ní ṣé tíṣà yẹn gbọ́ràn. Ó wò mí bí ẹni tó bèèrè ohun tí kò nítumọ̀.

"Adití ni," ó ní. "Ta ló tún lè mọ̀ ọ́n ju adití lọ?"

Mi ò jẹ oúnjẹ yẹn mọ́. Mo rò ó pé oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi gba iṣẹ́ mi lọ́wọ́ mi nítorí pé mi ò lè dáhùn lédè wọn, inú mi sì ń bí sí wọn títí dòní. Èmi gba iṣẹ́ ọkùnrin kan lọ́wọ́ rẹ̀ láti òkèèrè, mi ò rí ojú rẹ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jókòó ti Yáò ní ìsinmi ọ̀sán, ó ń kọ́ mi. Ìka mi le, ìka bíríkìlà ni. Ó ń lu ọwọ́ mi bí mo bá ṣì í. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ní kí Ìyá Kúdí gbé fóònù lọ sí ṣọ́ọ̀bù Lúkúmọ́nù ní Ayétòrò. Ọkùnrin náà ti tó ẹni ogójì ọdún, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀. Mo fọwọ́ sọ fún un pé: jọ̀ọ́, wá, èmi ni mo ṣàṣìṣe. Ó wò mí pẹ́. Ó fa ìwé tó ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí, ó kọ nǹkan kan, ó gbé e sójú fóònù:

"Ẹ ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń po sìmẹ́ǹtì."

Ó tún kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀: "Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Mo wá sílé fún Iléyá tó kọjá. Ọjọ́ kẹta ni mo lọ sí Ayétòrò. Mo dúró lójú fèrèsé tí mo dúró sí nígbà Àǹtí Ṣadé. Lúkúmọ́nù ló wà níwájú, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, téèpù lọ́rùn. Nígbà tó bá fẹ́ kí wọ́n wo òun, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ pákó ilẹ̀ gbì, gbogbo wọn á gbójú sókè nítorí pé pákó ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo ti ń bi ara mi tẹ́lẹ̀ pé ta ni yóò gbọ́ bí ọmọ bá ṣubú. Ilẹ̀ ló ń sọ fún wọn. Mo ka orí àwọn ọmọ. Mẹ́rin ni. Mo tún un kà.

Ọjọ́ kejì, mo gbé ìwé Kúdí dání, èyí tí orúkọ àwọn tó ń pariwo wà nínú rẹ̀, mo lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní Ìlaro. Akọ̀wé kan ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Mi ò ní sí níbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," mo ní. "Orúkọ kan ló wà nínú ìwé yín tí mo fẹ́ kí ẹ yọ. Mo fẹ́ wò ó bí ẹ ṣe ń yọ ọ́."

"Bàbá, ta ni yín níbí?"

"Bíríkìlà ni mí. Ògiri yín yìí wọ́, ẹ lọ bi ẹni tó rẹ́ ẹ. Mo lè jókòó tì í títí ẹ ó fi ṣe tán."

Mo jókòó. Mo ṣí ìwé Kúdí, mo ń ka orúkọ àwọn ọmọ yẹn sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń tún un bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tó wà ní tábìlì kejì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, òmíràn ní kí wọ́n dá mi lóhùn kí àwọn lè ráyè ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, ọ̀gá wọn pè mí wọlé. Lójú mi, ó fi bírò pupa fa ìlà sí orúkọ Àǹtí Ṣadé. Àyè ti ṣí, ó ní. Wọn ò tíì rán ẹnikẹ́ni wá títí di bí mo ṣe ń sọ èyí, mo sì ń pè wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ajé láti Àbíjáàn. Wọ́n ti mọ ohùn mi. Kò ní sú mi.

Mo délé. Jímọ̀ ni, Kúdí ti dé láti Ayétòrò. Mo jókòó tì í lẹ́yìn ilé, mo ń fọwọ́ ròyìn fún un. Mo ṣe bí akọ̀wé, mo ṣe bí ọ̀gá, mo fi hàn án bí mo ṣe jókòó tì wọ́n. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún méjìlá ni báyìí, ó ti ga dé èjìká ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi bírò pupa, ó gbé ọwọ́ sókè, ó dá mi dúró.

Ó ní tíṣà sọ fún àwọn pé òun ti fẹ́ wá tipẹ́, kí òun tó wá. Ó ní ẹnìkan ló ní kí òun má wá.

Ó bi mí pé ta ni.

Ìyá rẹ̀ ń sá aṣọ nítòsí. Ó mọ ohun tí ọmọ bi mí. Ó gbé abọ́ aṣọ, ó wọlé.

Mo lè sọ pé ìjọba ni. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́, Kúdí á sì gbà mí gbọ́. Mo nawọ́ sí àyà ara mi. Mo fọwọ́ sọ pé: èmi ni, mo ṣàṣìṣe.

Kò sunkún. Ó wo ọwọ́ mi. Ó mú un, ó ká ìka mẹ́ta tó yẹ kí n ká tí mi ò ká, ó gbé e sí àgbọ̀n mi níbi tó yẹ kó wà. Ó ti tún ọ̀rọ̀ "àṣìṣe" náà ṣe. Ó jókòó padà, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Kò dára tó lójú rẹ̀, ó ní lẹ́ẹ̀kan sí i. Yàtọ̀ sí ti Lúkúmọ́nù, mi ò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láyé mi, mi ò sì ní tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ́fíìsì kankan. Ọmọ yẹn mú mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ohun tó sọnù nìyí.

Ọmọ mọ́kànlá ló wà nínú yàrá yẹn nígbà tí Àǹtí Ṣadé lọ. Mẹ́rin ló kù. Méjì wà lóko pákí. Ọ̀kan ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ ní Ìlaro. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó ń fi sípánà kàn án léjìká bó bá fẹ́ pè é. Ọ̀kan, ẹni tó dàgbà jù, wọ́n ti fi fọ́kọ. Ọ̀kan jókòó sílé. Ọ̀kan, àwọn òbí rẹ̀ kó kúrò, a ò mọ ibi tí wọ́n lọ.

Ìdánwò àṣejáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó yẹ kí Kúdí ṣe, kò ṣe é.

Sáà ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò láìní tíṣà. Ọ̀kan jẹ́ ti ìjọba. Mẹ́ta jẹ́ tèmi.